Xanthan gum, ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki, nínú omi mímu ìyá mi: oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti ń lò ó ní Adó-Èkìtì

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá mi lápá ọ̀tún, omi ló wá di ìṣòro rẹ̀ jù. Iyán tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, dókítà ní ká ṣì gbé e tì ná. Àmàlà tó rọ̀, tí ọbẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi omi lásán kan ẹnu báyìí, á pá a lórí, á máa wúkọ́ títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ètè rẹ̀ ń bó.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ló là mí lóye pé omi ń yára ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Kí ọ̀nà èémí tó pa dé, omi ti yà síbẹ̀, ó sì lè ti ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ká máa mú omi rẹ̀ ki díẹ̀.

Ògì ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo sè é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo bu ú sínú ife, mo ń fi ṣíbí fún un. Ohun tí gbogbo ẹni tó bá ti fún ọmọ lẹ́kọ rí mọ̀ náà ló ṣẹlẹ̀: bí ṣíbí bá ti wọ ẹnu, tó tún padà sínú ife, kì í pẹ́ tí ẹ̀kọ náà fi ń ṣomi. Èròjà inú itọ́ ló ń tú sítáàṣì ká. Kí ìyá mi tó mu ún dé ìdajì, ó ti ń ṣàn, ikọ́ sì ti dé. Ìyẹn nìkan kọ́, ó tún ní àtọ̀gbẹ. A kò tíì fi ògì po omi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí iye ṣúgà tí à ń rí lórí ẹ̀rọ láàárọ̀ fi gòkè.

Ilé ìtajà àwọn tó ń ṣe kéèkì ni mo ti wá rí xanthan gum rà. Ìyẹ̀fun tó funfun díẹ̀ ni, tó jọ èlùbọ́ láfún tí a jọ̀ dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Xanthomonas campestris, tó máa ń ba kábéèjì jẹ́ lóko, ni wọ́n ń fún ní ṣúgà jẹ nínú àgbá ńlá. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń pèsè ohun tó ń yọ̀ yìí. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Allene Jeanes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Peoria, ní Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí rẹ̀. Láti 1969 ni ìjọba ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i fún oúnjẹ. Lára agolo àti páálí, E415 ni ẹ ó máa rí. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé itọ́ kò rí i tú ká, ìfun wa kò sì lè sọ ọ́ di ṣúgà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bà á jẹ́. Mo da ṣíbí kan sórí omi bí ẹni da gààrí, ó dì ní kókó kókó: òde ń yọ̀, inú gbẹ fúrúfúrú. N kò gbọdọ̀ fún aláìsàn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo wá ra òṣùwọ̀n kékeré tó lè wọn gíráàmù kan. Gíráàmù 1 sí omi 200 mílílítà ni mo ń lò. Mo máa ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò olómi, mo máa ń dé e, mo máa ń gbọ̀n ọ́n kíkan-kíkan, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìfófòó rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ má fi ojú wọn bó ṣe ki. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi láti fi sìríǹjì 10 mílílítà dán an wò, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IDDSI, èyí tó pín bí ohun mímu ṣe ki sí ipele-ipele. Ẹ yọ ọ̀pá tí a fi ń tì í, ẹ fi ìka dí ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ rọ omi náà kún un dé 10, ẹ yọ ìka fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tún dí i. Bí èyí tó ṣẹ́ kù bá wà láàárín mílílítà 4 sí 8, ipele kejì nìyẹn, òun ni wọ́n ní kí ìyá mi máa mu. Kì í ṣe gbogbo sìríǹjì ló bá a mu o: láti àmì òdo dé 10 gbọ́dọ̀ gùn tó mílímítà 61.5. Ipele tí aláìsàn yín nílò lè yàtọ̀, ẹni tó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò ni kó sọ ọ́.

Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ mu ún, ó fajú ro. "Omi wo ló ń fà bí ilá báyìí?" Ṣùgbọ́n kò wúkọ́. Ó tún gba ṣíbí kejì, ó gba ìkẹta. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń ka ṣíbí títí ife fi tán, mo sunkún. Adùn omi kò yí padà púpọ̀, ìyíyọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ló pẹ́ kó tó mọ́ ọn lára. Tíì gbígbóná àti sobo tí kò ní ṣúgà náà gbà á, láìsí pé a tún gbé e ka iná.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ń hó, ìgbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá.

Alhaja tó wà lódìkejì ilé wa bi mí bóyá egungun tàbí awọ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ti gelatin, tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe. Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀, ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá náà lè lò ó. Ẹni tí àlìkámà ń bá jà pàápàá ń fi í dì fùláwà pákí mú kí búrẹ́dì rẹ̀ má baà fọ́. Àmọ́ ṣúgà tí wọ́n fún kòkòrò yẹn jẹ lè wá láti ara àgbàdo, àlìkámà, sóyà tàbí wàrà, nítorí náà kí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe lára gan-an kọ̀wé bi ẹni tó ṣe é. Ẹ ka ara páálí pẹ̀lú. Agolo kan tí mo rà tí wọ́n ní ó wà fún aláìsàn, maltodextrin, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí lára sítáàṣì, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ṣáájú xanthan gum, ìyẹn sì ń gbé ṣúgà sókè. Ẹnì kan tún bù ú fún mi nínú ọ̀rá láìsí orúkọ lára rẹ̀. N kò lò ó, mo sọ ọ́ nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ní 2011, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ohun amóúnjẹ-ki kan tí wọ́n fi xanthan gum ṣe, nítorí àìsàn ìfun tó le tó mú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù.

Ní báyìí, bí òùngbẹ bá gbẹ ìyá mi láago méjì òru, tí iná kò sí, ìgò tí mo pò lálẹ́ wà nínú kúlà. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n, mo máa ń gbé ìyá mi dìde jókòó, mo sì máa ń rọ omi sínú ife pupa rẹ̀.