Ṣọ́ọ̀bù oògùn adìyẹ kan ní Ìgbọ̀nà tí wọ́n ti ń la ìfun wò

Ẹ̀yin tẹ́ ń sin lẹ́yà (adìyẹ tó ń yé ẹyin) l'Óṣogbo, ẹ wá gbọ́ o. Adìyẹ 200 ni mo ní, mi ò lo kéèjì, orí sawdust ni wọ́n wà. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹyin ti ń já wálẹ̀, kíréètì mẹ́fà lójúmọ́ di mẹ́rin, wọ́n sì ń jẹun bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, síbẹ̀ egungun àyà wọn ń gún mi lọ́wọ́, ogbe orí wọn ti ṣì. Ibi tí mo ti ń ra oògùn tẹ́lẹ̀ (mi ò ní dárúkọ wọn), piperazine, oògùn aràn kan, ni wọ́n ń tà fún mi ṣáá, mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ni.

Àǹtí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí ò tiẹ̀ nawọ́ sí oògùn. "Bọ̀dá, ẹ lọ pa èyí tó rù jù, kẹ́ ẹ kó ìfun ẹ̀ wá." Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo gbé e dé nínú nylon, ó tẹ́ ẹ sórí pátákó, ó fi bíléèdì là á, háà! Àwọn funfun kan bíi Indomie tí wọ́n sè, òmíì gùn ju ìka mi lọ. Ó ní aràn gbọọrọ nìyí, àwọn yìí ni piperazine ń pa. Ó wá rọra da omi sí i, ó ní kí n sún mọ́ ọn: àwọn pẹlẹbẹ bíi rìbọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ara ìfun, ara wọn ń já wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Tapeworm nìyẹn, piperazine ò lè ṣe é ní nǹkankan. Èèrà àti kòkòrò dúdú inú sawdust ló ń gbé e kiri, adìyẹ á ṣà wọ́n jẹ, ó ti wọlé nìyẹn. Owó mi ti wọgbó!

Albendazole, oògùn aràn míì, ló tà fún mi, ó ní kí n wọn adìyẹ bíi mélòó kan lórí òṣùwọ̀n kó tó ṣírò ẹ̀, a pò ó mọ́ fíìdì. Ó ní kí n kó sawdust àtijọ́ dànù, torí ẹyin aràn gbọọrọ yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, oògùn inú adìyẹ ò sì débẹ̀. Ó tún fi iye ọjọ́ tí mi ò gbọdọ̀ ta ẹyin lẹ́yìn oògùn hàn mí lára paálí, ìyẹn dùn mí o, àmọ́ òótọ́ ni.

Ẹ̀sùn mi: wọ́n wọ́n díẹ̀, POS wọn kì í ṣiṣẹ́, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣí. Mo ti padà sí kíréètì márùn-ún báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ìfun lọ, ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ o, ọ̀sán ni wọ́n ti ń tilẹ̀kùn, tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rà sínú mọ́tò nígbà kan.