Yíyọ ọ̀dà tó ta sára mọ́tò: amọ̀, ìbọ̀wọ́ amọ̀, oògùn olómi àti kọ́ńpáùn, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà nítòsí mọ́tò, atẹ́gùn máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá bà lé e. Ojú lè má tètè rí i, pàápàá tí àwọ̀ méjèèjì bá jọra, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa ha yín lọ́wọ́. Ọjà tí wọ́n ń tà fún yíyọ rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣòro kẹ́ ẹ tó rí èyí tí wọn ò kọ sára páálí rẹ̀ pé kì í ba ọ̀dà mọ́tò jẹ́. Àwọn kan ń bà á jẹ́. Ó máa ń dùn mí tí ohun tí ọwọ́ lásán ì bá yọ kúrò bá di ohun tó ń gba kíkùn tuntun, torí pé èyí tó le jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ rà.

Ẹ wo ohun tá à ń dáàbò bò. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán lókè pátápátá, tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní kílíà, sábà máa ń nípọn tó máíkírónù 35 sí 50 (ẹgbẹ̀rún kan máíkírónù ló wà nínú mìlímítà kan). Ewé ìwé kan lásán tó nǹkan bí 100. Ohun tẹ́ ẹ bá ha kúrò lára kílíà kò ní hù padà. Torí náà, ọ̀nà tí mo fi ń wọn ọjà wọ̀nyí ni pé: èwo ló rọra jù lọ nínú àwọn tó lè ṣí ọ̀dà yẹn kúrò?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tó ta sí i

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kùn kí ó fi agolo ọ̀dà hàn yín. Ọ̀dà ògiri tí wọ́n fi omi pò kì í lágbára púpọ̀. Tí kò bá tíì ju wákàtí mélòó kan lọ, omi àti ọṣẹ ìfọmọ́tò lè kó o lọ, kẹ́ ẹ má sì náwó kankan. Ọ̀dà olóróró máa ń pẹ́ kó tó gan, àyè wà láti mú un kó tó le. Èyí tó nira jù ni ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ hádínà, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ọ̀dà gan, irú èyí tí wọ́n ń fi kun mọ́tò fúnra rẹ̀, àgbá ńlá àti afárá onírin. Tí èyí bá ti gan, oògùn rírọ̀ kankan kì í ràn án.

Ibi tí ọ̀dà ti fò wá náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń gbẹ nínú atẹ́gùn kó tó dé, orí kílíà ló kàn jókòó sí, nítorí náà ó rọrùn láti ṣí. Èyí tó bà sí i ní tútù láti ìtòsí máa ń dì mọ́ ọn gan-an.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọ mọ́tò, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kẹ́ ẹ rọra fi pa abala kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọwọ́ lásán kò mọ̀, ọ̀rá yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá gbogbo mọ́tò ni àbí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé nìkan, ìyẹn ló sì ń sọ iye ọjà tẹ́ ẹ nílò.

Amọ̀ àti ìbọ̀wọ́ amọ̀

Amọ̀ ìtúnmọ́tòṣe kì í ṣe amọ̀ inú ilẹ̀. Ohun rírọ̀ bíi rọ́bà ni, tí wọ́n po èérún wẹ́wẹ́ tó ń ha nǹkan mọ́. Ẹ ó fín omi tó ń yọ̀ sórí ọ̀dà, amọ̀ á sì máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá yọrí sókè kọjá kílíà ni amọ̀ ń gé kúrò, tó sì ń gbé mì. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ: ọ̀dà tó ta sí i ló ń dojú kọ, kì í ṣe kílíà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi kàn án, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń fà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ máa fi lọ fi bọ̀ ní ìlà tààrà, lórí àyè tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ méjì tí a tẹ́ síra lọ. Ariwo yẹn á máa rọlẹ̀ títí amọ̀ á fi máa yọ̀ láìfà rárá. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí àmì ọ̀dà wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ ká a wọnú, ẹ pò ó kí ojú tó mọ́ jáde, kẹ́ ẹ tún bọ́ sí àyè tó kàn.

Ìpele mẹ́ta ni wọ́n máa ń tà: èyí tó rọra, èyí tó wà láàárín àti èyí tó le. Ẹ má fi àwọ̀ yàn án o. Búlúù ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ èyí tó rọra, kí búlúù ti ẹlòmíì jẹ́ èyí tó wà láàárín. Ìpele tí wọ́n kọ sára páálí ni kẹ́ ẹ wò. Fún ọ̀dà tó ta sára mọ́tò, mo máa ń sọ pé kí èèyàn ra èyí tó wà láàárín, kó kọ́kọ́ dán an wò ní ìwọ̀n bàtà kan péré. Èyí tó le máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára kílíà, ẹni tó bá sì rà á ní láti ra pọ́líìṣì mọ́ ọn.

Ìbọ̀wọ́ amọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n wá fi irú rọ́bà yẹn bo ojú rẹ̀. Ó yá ju amọ̀ lọ, ó ń tọ́jọ́ gan-an, bó bá sì já bọ́ sílẹ̀, ẹ kàn lè fi omi ṣàn án. Amọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ ti di jíjùnù, torí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn á fa ìlà sára mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kò ṣeé ká wọnú. Ohun tó gbé wà lójú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì ní dáwọ́ ṣíṣàn án dúró. Kì í sì í wọ kọ̀rọ̀ bí ìdí dígí ẹ̀gbẹ́ àti ibi tí wọ́n ń dì mú lára ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo lẹ ní, amọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó ń fi títún mọ́tò ṣe jẹun ni ìbọ̀wọ́ máa pa owó rẹ̀ padà fún. Mọ́tò dúdú ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi ìbọ̀wọ́ kàn, torí ìlà tó ń fi sílẹ̀ hàn ketekete lára dúdú.

Oògùn olómi

Ibí ni owó àti ọ̀dà ti sábà máa ń ṣòfò. Ọtí ìnu tí wọ́n ń pè ní isopropyl lè rọ ọ̀dà olómi. White spirit, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró, àti oògùn tí wọ́n ń tà fún yíyọ ọ̀dà títì (ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ títì), lè rọ ọ̀dà olóróró tí kò tíì gan tán. Àwọn wọ̀nyí wúlò, owó wọn kì í sì í pọ̀. Tínà líle, acetone àti àwọn oògùn tí wọ́n kọ toluene tàbí xylene sí lára lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì, àmọ́ agbára yẹn kò mọ ọ̀dà tó ta sí i yàtọ̀ sí ọ̀dà mọ́tò. Kílíà tí wọ́n yan nínú iná ní ilé-iṣẹ́ lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Abala tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn náà lè yọ́ lójú yín. Gíláàsì iná iwájú, tó jẹ́ ike ní ti gidi, lè sán tàbí kó ṣú.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tí wọn ò bá ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ìsàlẹ̀ abala tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú gan-an ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, kì í ṣe inú ẹnu ilẹ̀kùn: inú ilẹ̀kùn lè jẹ́ ọ̀dà ilé-iṣẹ́ nígbà tí ìta jẹ́ èyí tí wọ́n tún kùn. Aṣọ ni kẹ́ ẹ rẹ, kì í ṣe ara mọ́tò. Ẹ ṣe é ní ibòji, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí atẹ́gùn máa fẹ́, kí iná má sì sí nítòsí. Bẹntiróòlù kò sí lára ohun tí mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi nu mọ́tò. Èéfín rẹ̀ nìkan tó láti gba iná.

Kọ́ńpáùn àti ẹ̀rọ

Kọ́ńpáùn ni ìpara tó ní èérún wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń dán ojú ọ̀dà mọ́tò. Ó ń lọ ohun gbogbo tó bá kàn, kílíà pẹ̀lú. Tí ọ̀dà tó ta sí i bá ṣì wà níbẹ̀, fóòmù tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kọ́ńpáùn á máa gorí rẹ̀ kọjá, èyí tó bá sì já á máa ha kiri lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn amọ̀ ni iṣẹ́ tiẹ̀, láti mú ìlà àti ìṣúlójú tó kù kúrò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ ra èyí tó ń yí tó tún ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń yí sójú kan ṣoṣo máa ń gbóná lójú kan, ó sì lè jó kílíà ní etí abala kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò tó mọ̀.

Gíláàsì àti ike dúdú

Fún gíláàsì iwájú, réésà tuntun àti omi ọṣẹ púpọ̀ tó. Ẹ dẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ sì máa tì í síwájú nìkan. Kò gbọ́dọ̀ kan iná iwájú tàbí tíńtẹ̀. Fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́, mo fara mọ́ amọ̀ ju réésà lọ. Ike dúdú tí wọn ò kùn kò fẹ́ amọ̀ rárá, torí á kó sínú ihò rẹ̀. Oògùn ọ̀dà títì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló bá a mu.

Ẹ fi wáàsì kún ohun tẹ́ ẹ máa rà, nítorí amọ̀ àti oògùn olómi máa ń kó èyí tó wà lára mọ́tò lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abala kan, ẹ dúró títí dìgbà tí ẹni tó kùn ún bá ní ó ti gan dénú. Oṣù kan sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dá. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíì ló ta sí mọ́tò yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti ìtòsí kí omi tó kàn án, nítorí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ tán, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn án mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ní kó san owó amọ̀.