Ọ́ìlì SAE 30 fún Mówà: Ó Dára, Àmọ́ Ẹ Má Da Gbogbo Ìgò Sí I

SAE 30 onílítà kan la gbé yẹ̀ wò níbí, fún mówà (ẹ̀rọ agékoríko) tí à ń tì, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítúróòkù, tí ọ́ìlì rẹ̀ kì í dà pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù. Ó bá Òṣogbo mu. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì mówà lára, kò ní rédíétọ̀. Bí oòrùn bá mú, tí koríko sì ti ga dé orúnkún, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Briggs & Stratton, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mówà, fúnra wọn kìlọ̀ pé bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná kọjá 27°C, ẹ́ńjìnnì lè máa mu ọ́ìlì mìíràn tó ń jẹ́ 10W-30 ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀sán mélòó gan-an ni kì í kọjá 27°C ní Òṣogbo?

Ìgò rẹ̀ ló ń kó bá èèyàn. Ọ̀pọ̀ mówà kékeré ò gbà ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ. Ẹ́ńjìnnì Honda GXV160 pàápàá, 0.65 lítà ló ń gbà. Ẹni tó bá da gbogbo ìgò sí i, èéfín funfun ni yóò rí, yóò sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú wà lóòótọ́: bóyá ọjà Ìgbọ́nà lẹ ti rà á tàbí ọjà Olú-Òde, ẹ wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ ò tíì já. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń kà sí ọ́ìlì lọ́rùn, ọwọ́ ẹni tó dà á ló ti wá. Ẹ gbé mówà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ kọ́kọ́ da 0.4 lítà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó fi géèjì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) wò ó. Ti GXV160, ẹ kàn fi géèjì bọ ihò rẹ̀ ni, ẹ má yí i; àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ yí i wọlé. Ìwé ẹ̀rọ ló máa sọ.

Bí èéfín bá yọ lẹ́yìn tí ẹ dojú mówà dé láti fọ abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì ti wọ orí písítìn àti fílítà afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ nu plọ́ọ̀gì, ẹ pààrọ̀ fílítà oníbébà tó bá ti rin. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kabúrétọ̀ àti fílítà wà lókè. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń yọ tí kò dáwọ́ dúró, tí géèjì sì pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rínǹgì písítìn ló ti jẹ. Kò sí ọ́ìlì tó ń wo ìyẹn sàn.

Ọ́ìlì tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́n ọn dànù, ẹ da tuntun, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún gbọ́n ọn. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ẹ má tan ẹ̀rọ náà rárá: nídìlì inú kabúrétọ̀, tó ń dí ọ̀nà epo, ò dí dáadáa mọ́, epo sì ti ń jò wọ inú ọ́ìlì.

Ọ̀pọ̀ mówà tuntun tó ní ẹ́ńjìnnì Briggs, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 50, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ má sì po SAE 30 yìí mọ́ epo bẹntiróòlù bíi ti ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Túù-sítúróòkù ni ọ̀pọ̀ ìyẹn, ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀.