Vinyl fún báfúróòmù: nínú mẹ́ta yìí, èwo ni ilẹ̀ yín máa gbà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ra vinyl, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ní Sábó n'Ìkòròdú, ẹ rọra ná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí. Mẹ́ta ló pọ̀ lọ́jà: rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì oní-rólù, èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn tẹ́ ẹ kàn máa bó kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, àti SPC, ìyẹn pátákó ike líle tí wọ́n po lúlú òkúta mọ́, tí wọ́n máa ń ki etí rẹ̀ bọnú ara wọn. Ẹni tó ń tà á máa ní omi ò lè ba ìkankan jẹ́, kò sì parọ́, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rinrin. Ẹ̀yin ará Májídun àti Ẹ̀bútẹ́ tẹ́ ẹ sún mọ́ ọ̀sà, tó bá jẹ́ ilé ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń gbé, ẹ ti mọ bí ọ̀dà ṣe máa ń ṣí lára ògiri láti ìdí wá. Ẹ gé láílọ̀nù bíi 45cm níbùú lóòró, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ pinpin, kẹ́nikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ rí omi tó sẹ̀ sínú rẹ̀ bí ìrì, tàbí tí símẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ilẹ̀ yẹn ò tíì gbẹ, gọ́ọ̀mù ò ní mú un, ìyẹn ni pé méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti jáde nìyẹn. SPC ò ní ṣí ní tiẹ̀, torí wọn ò lẹ̀ ẹ́, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ máa hu èébu, ó sì máa rùn. Símẹ́ńtì tuntun tún wà níbẹ̀ o, gbogbo 2.5cm tí bíríkìlà bá dà, ẹ fún un ní bí oṣù kan kó gbẹ.

Ojú ilẹ̀. Rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì ò bo àṣírí, horo yanrìn kan péré, ẹ máa rí i tó wú lójú rẹ̀, ìlà táìsì àtijọ́ náà máa yọ, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dí i kó tẹ́jú. Eléyìí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, eruku lọ̀tá ẹ̀. SPC lè bo ìlà táìsì tí ò bá fẹ̀ jù, àmọ́ kò fẹ́ òkè kò fẹ́ kòtò: ẹ gbé réńjì mítà 2 (igi tàbí irin gbọọrọ tí bíríkìlà fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ tẹ́jú) lélẹ̀, tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ bá ju 3mm lọ, ẹ dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibi tó ti há mọ́ra máa kán tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ibi tá a ti ń wẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wẹ̀ jàre, ilẹ̀ wa sì dà gẹ̀rẹ́ sí ojú ihò omi. SPC ò ní jókòó dáadáa lórí gẹ̀rẹ́, omi á sì máa gba ojú ìsopọ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo lè fọkàn tán díẹ̀ níbẹ̀, torí ó ń fẹ̀ tó mítà 2, 3 tàbí 4, ẹ lè tẹ́ ẹ láìsí ojú ìsopọ̀ kankan, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí rẹ̀. Témi bá ni, mo máa fi táìsì sílẹ̀ níbi ìwẹ̀, kí n lo SPC ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò tí omi ò ti ń ṣàn nílẹ̀.

Ẹ yọ WC kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ pe púlọ́ńbà, torí símẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi ń lẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè fọ́. Ayálégbé, ẹ bi láńdìlọ́ọ̀dù léèrè kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun: ẹ lè tú SPC kó tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, gọ́ọ̀mù tó bá ti mú ilẹ̀ ò ní ṣí tán. Kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ ilẹ̀kùn, SPC sábà máa ń nípọn tó 4mm sí 6mm, ilẹ̀kùn tó ti ń wọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní ṣí mọ́.