Owó Báǹkì àbí Títa Ìpín: Èwo Ló Rọrùn fún Ilé-iṣẹ́ Tuntun l'Ábùjá?

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé báǹkì, ẹ bi wọ́n léèrè: orí gbogbo owó tí ẹ yá ni èlé wà ni, àbí orí èyí tó kù lọ́rùn yín? Ká ní ẹ yá ₦5,000,000 fún oṣù 12, èlé 3% lóṣù. Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó, tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní flat, èlé á tó ₦1,800,000. Bó bá jẹ́ orí èyí tó kù, bíi ₦1,030,000 ni. 3% kan náà ló sì wà nínú ìwé méjèèjì! Ẹ wo ohun tí wọ́n máa yọ níwájú pẹ̀lú. Bí owó ìwé àti ìbánigbófò bá jẹ 3%, ₦4,850,000 ló máa wọ àkáǹtì yín, èlé á sì máa lọ lórí mílíọ̀nù márùn-ún.

Ọjọ́ sísan ló tún burú jù. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Federal Secretariat lè parí iṣẹ́ ní oṣù kẹta, kí fáìlì owó rẹ̀ ṣì máa ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn ní oṣù kẹsàn-án. Báǹkì ò ní dúró dè é: lórí flat yẹn, nǹkan bíi ₦566,667 lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ orúkọ ara yín lẹ fi yá a, láti 2020 ni CBN ti gbà kí wọ́n máa fa gbèsè yọ nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN. Owó iléèwé ọmọ lè bá a lọ.

Ní ti ìdógò, ilẹ̀ ẹbí tí kò níwèé kò wúlò níbí.

Títa ìpín, ìyẹn kí ẹ ta apá kan ilé-iṣẹ́ yín fún ẹni tó fẹ́ fi owó sí i, náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé-iṣẹ́ yín tó mílíọ̀nù 40, tí ẹnì kan fẹ́ fi mílíọ̀nù 10 sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá 40 yẹn jẹ́ iye rẹ̀ kí owó tó wọlé tàbí lẹ́yìn rẹ̀: 20% ni ti àkọ́kọ́, 25% ni ti ìkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan kọjá 25%, torí CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́, ní ìpinnu pàtàkì (special resolution) gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò. Ẹni tó bá kọjá 25% lè dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹni tó ń tajà ní Wúsè, tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́, lè yá owó oṣù mẹ́ta kó fi kó ọjà. Ẹni tó jẹ́ pé ìjọba nìkan ni oníbàárà rẹ̀, kó ta ìpín, kó sì jẹ́ kí lọ́yà wo ọ̀rọ̀ 25% yẹn dáadáa.