Lichess: ápù tí mo fi ń ran ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kó lè kojú àwọn ọ̀ta chess

Látìgbà tí Tunde Onakoya ti fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square ní New York, ní April 2024, ó ti di pé gbogbo òbí n'Ógbòmọ̀ṣọ́ ńbí ló fẹ́ kọ́mọ òun náà mọ̀ ọ́n ta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀, kéèyàn jókòó síwájú ẹni tó jù ú lọ lọ́tọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá ápù yìí fún. Ní kíláàsì wọn, kò sẹ́ni tó lè nà án, àmọ́ tó bá ti dé iwájú àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń ta chess ní àdúgbò Under G, ojú ẹ̀ á kàn fà ro, á máa sáré gbé nǹkan kó lè tètè parí kó máa lọlé. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó bá mi yanjú o, kì í ṣe kó mọ orúkọ opening rẹpẹtẹ, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ géèmù.

Lichess ni mo mú. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ gidi, kì í ṣe irú èyí tó máa fún yín tọ́ wò lónìí tó máa ní kẹ́ ẹ sanwó lọ́la. Ìpolówó ò sí nínú ẹ̀ rárá. Ọmọ Faransé kan, Thibault Duplessis, ló dá a sílẹ̀ ní 2010, owó táwọn èèyàn ń dá fún wọn ló sì ń gbé e ró. Mo tètè sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé "èló ni?" lẹ máa kọ́kọ́ bi mí.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ jù, ìgbà tí wọ́n bá ta tán ló wà. Ẹ máa tẹ analysis, kọ̀ǹpútà á yẹ géèmù yẹn wò látòkè délẹ̀, Stockfish lorúkọ ẹ̀rọ tó ń ṣe é, agbára ẹ̀ sì ju ti gbogbo èèyàn tó ń ta chess láyé lọ, títí kan Magnus Carlsen tó ti gba ipò olúborí chess àgbáyé rí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Learn from your mistakes sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Á gbé ọmọ padà síbi tó ti ṣìṣe, á ní kó wá èyí tó dáa ju èyí tó gbé lọ, kò sì ní sọ ìdáhùn àfi tóun fúnra ẹ̀ bá ní òun fẹ́ wò ó. Òfin témi fi kún un ni pé kó tó tẹ analysis rárá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó rò pé géèmù ti bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Níbẹ̀rẹ̀, "Àǹtí, mi ò mọ̀ o" ni ṣáá.

Kẹ́ ẹ wá wo nǹkan tó ń jáde. Ẹ máa rò pé ọgbọ́n àwámárìídìí làwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyẹn fi ń nà án, irọ́ ni. Ó máa ń fi nǹkan sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́ ni. Tàbí kí ẹṣin ẹnì kejì ti fò wọlé, kó dojú kọ kíìngì àti rúùkù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ṣì ń wo ibi tóun fẹ́ kọ lù lápá ọ̀tọ̀. Kò bi ara ẹ̀ rí pé kí lẹni yìí ń wá pẹ̀lú èyí tó gbé yìí. Tọ́mọ bá lè máa béèrè ìyẹn kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ìdajì iṣẹ́ ti tán. Ayò ọlọ́pọ́n tá a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa náà, bó ṣe rí nìyẹn, òpè máa ń ka ilé tiẹ̀ nìkan, ọ̀ta ló máa ń ka tẹni tó jókòó síwájú ẹ̀.

Puzzle wọn, ìyẹn ìṣòro chess tí wọ́n máa ní kéèyàn wá ojútùú sí, ńkọ́? Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, inú géèmù táwọn èèyàn ti ta lóòótọ́ ni wọ́n ti mú wọn jáde. Ẹ lè yan irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́, fork (kí ohun kan dojú kọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà), pin (kí nǹkan má lè kúrò lójú kan torí èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀), checkmate (kí kíìngì má ríbi sá sí mọ́), endgame (ìparí géèmù, tí nǹkan bá ti ṣẹ́ kù díẹ̀ lórí ọ̀pọ́n). Torí ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn, fork nìkan ni mo kọ́kọ́ ní kó máa ṣe títí ojú ẹ̀ fi là. Èèyàn lè ṣe puzzle díẹ̀ láìsí dátà, ó lè bá kọ̀ǹpútà ta láìsí dátà náà, ẹ sá mọ bí network ṣe máa ń ṣe wá ládùúgbò yìí. Puzzle Storm, níbi tí wọ́n ti ń sáré yanjú puzzle, nìkan ni mi ò jẹ́ kó débẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, eré sísá ni gbogbo ẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé ìkánjú gan-an ni wàhálà ẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ fi kún un?

Ẹni tó máa bá ta, ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. 1500 ni rating (máàkì tó ń sọ bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n ta tó) tí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi ń bẹ̀rẹ̀, torí náà ọmọdé máa já wálẹ̀ dáadáa kó tó bá ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, ẹ lè fi rating pa mọ́ nínú settings. Tó bá ti fìdí kalẹ̀, ẹ lè yan ìwọ̀n ẹni tó máa bá pàdé, èmi máa ń fẹ́ kẹ́ni náà fi bí i 100 sí 200 jù ú lọ. Ẹni tó fi 600 jù ú, wọ́n á kàn nà án ni, kò ní mọ ohun tó ṣe òun. 15+10 lẹ máa tẹ̀, ìyẹn ni pé oníkálukú ní ìṣẹ́jú 15, wọ́n á sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kún un nígbàkígbà tó bá ti gbé. Kọ̀ǹpútà wọn náà ní ìpele 1 dé 8, ṣùgbọ́n àwọn ti ìsàlẹ̀ máa ń gbé ọgbọ́n ńlá kan, wọ́n á tún ṣàdédé fi kúìnì ta ọmọ lọ́rẹ, èèyàn kì í ta chess báyẹn. Ibi tó ti wúlò ni tọ́mọ bá ti ń borí ọ̀ta tí kò wá mọ bó ṣe máa parí ẹ̀, ẹ lè ní kó bá kọ̀ǹpútà ta á láti ojú ibẹ̀ gan-an.

Ohun tí ápù yìí ò lè ṣe wà o. Lórí fóònù, ọmọ lè fọwọ́ kan nǹkan kó tún yí ọkàn padà, nínú ìdíje gidi, èyí tó bá ti mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ gbé, òfin FIDE, àjọ chess àgbáyé, ni. Mo wá ra ọ̀pọ́n oníke kan, puzzle tó bá le, a máa ń tò ó sórí ẹ̀. Tí kò bá sì sí àgbà kan nítòsí, á kàn máa ta á lọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni, kò ní yẹ ọ̀kankan wò.

Ṣé ó ti ń na àwọn ọmọ Under G báyìí? Rárá o, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó ti gba ọ̀mì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń làágùn kí wọ́n tó nà án báyìí, kò sáré mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí àkáǹtì fọ́mọ, ẹ tan Kid mode kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà ran ara ẹ̀ lọ́wọ́ tó bá ń bá èèyàn ta, wọ́n máa ń mọ̀, wọ́n sì lè fi àmì sára àkáǹtì ẹ̀ pé ó rú òfin.