Ìkìlọ̀ fún onímọ́tò: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní “gáàsì AC yín ló tán”

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Gbólóhùn tó ń kó owó lọ jù lọ́wọ́ ẹni tí AC ọkọ̀ rẹ̀ kò tutù mọ́ ni “gáàsì ló tán.” Gáàsì AC kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tó dí pa ló ti ń yí po. Òótọ́ ni pé ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ gba ara họ́ọ̀sì láàárín ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rọ lóṣù tó kọjá, tí kò tutù mọ́ lónìí, jíjò ló ń jò. Ẹni tó bá tún rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibi tó ń jò mọ̀ dájú pé ẹ óò padà wá.

Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ọkọ̀ àti AC. Ẹ wo iwájú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po. Bí ojú rẹ̀ bá fà mọ́ púlì, tí àwọn méjèèjì jọ ń yí, iná dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ púlì nìkan ló ń yí, ó lè jẹ́ fíúsì, rẹ́lé tàbí wáyà. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti kéré débi tí súíṣì tó ń ṣọ́ ọ fi pa á. (Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àwọn ọkọ̀ tuntun kan kò ní klọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ojú tó ń fà mọ́ púlì, gbogbo ìgbà ló ń yí, nítorí náà ẹ má fi èyí dá a lẹ́jọ́.) AC tó ń tutù lórí eré, tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù iwájú àti ìdọ̀tí ojú kọ̀ńdẹ́ńsà, èyí tó jọ rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀, tó ń tú ooru gáàsì dànù. Kò sí èyí tó béèrè kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tuntun nínú wọn.

Inú síríńdà gáàsì gan-an ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lójú títì wa ń lo gáàsì AC tí wọ́n ń pè ní R134a. Síríńdà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ gba 13.6 kg, àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń ní, àlòsọnù sì ni: wọn kì í tún gáàsì rọ sínú rẹ̀. Èyí tó ti họ, tí ìwé ara rẹ̀ ti ya, tí wọ́n ti paarọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n so géèjì tó ń wọn agbára gáàsì mọ́ síríńdà nìkan níṣojú yín. Bó bá ti wà níbòòji fún wákàtí díẹ̀, tí ooru jẹ́ 30°C, R134a gidi yóò wà ní nǹkan bíi 97 psi (ìwọ̀n agbára gáàsì lójú géèjì). Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 158, R22 ni, gáàsì AC ilé. Agbára R22 ga ju ohun tí họ́ọ̀sì àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ọkọ̀ wà fún lọ.

Ṣùgbọ́n 97 yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn kan ń po gáàsì tó ń gbaná pọ̀ títí agbára rẹ̀ fi jọ ti R134a, kọ́ìlì tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, tó sì lè jò ó, wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú yín gan-an. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni R40, gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pò mọ́ ayédèrú R134a. Ó máa ń bá alumíníọ̀mù jà, ohun tí ìjà náà ń bí sì máa ń gbiná fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ní 2011, irú ayédèrú R134a bẹ́ẹ̀ mú kí ẹ̀rọ kọ̀ńténà amóúnjẹ-tutù bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. Ẹ̀rọ tó ń dá irú gáàsì mọ̀ nìkan ló lè fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ẹni tó bá ní in, ẹ san owó tó bá béèrè lórí àyẹ̀wò náà.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò wá ojú jíjò kó tó rọ ohunkóhun. Ọ́ìlì máa ń bá gáàsì jáde, nítorí náà ibi tó rin fún ọ́ìlì tí eruku lẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fi ìfófò ọṣẹ pa: oríkèé páìpù, ojú kọ̀ńdẹ́ńsà tí òkúta máa ń bà, àti fáfù kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, tó jọ ti táyà. Fáfù yẹn ló ń jò lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì wọ́n. Lẹ́yìn àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ fi vacuum pump fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú, kó pa á, kó wo géèjì fún ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ géèjì bá ń padà, jíjò ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá ń rọ ọ́, kó gbé síríńdà sórí ìwọ̀n bí àwọn tó ń ta gáàsì ìdáná ti ń ṣe. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò sọ iye gíráàmù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kì í gbà ju 450 sí 600 lọ. Àpọ̀jù gáàsì ń dín òtútù kù, ó sì ń ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lára. Ẹ má gba oògùn adíjò rárá: ó máa ń dì sínú fáfù, ìgbà náà ni iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló kú, ẹ ní kí wọ́n so géèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì AC níṣojú yín, ẹ̀gbẹ́ tí agbára gáàsì ti kéré àti èyí tó ti ga. Èyí tó ti rẹ̀ kò ní lè ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: èyí tó yẹ kó kéré yóò ga, èyí tó yẹ kó ga yóò relẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ dorí rẹ̀ kodò kí ẹ wo ọ́ìlì tó dà jáde. Èyí tó dúdú, tó ń dán fún ìfọ́ irin, ẹ dá a padà. Kí ẹ sì gbé èyí tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ yín lọ sílé, nítorí àwọn kan máa ń nù ún, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn.